A Ní Kí Ẹ Kín Wọn Lẹ́yìn, Ẹ Fi Ẹ̀gún Sọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹ yọ nǹkan tó wà létí yín yẹn ná, torí òun gan-an ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kẹ́à nílùú London. Mo ti wẹ àgbà, mo ti yí àgbà lórí ìdùbúlẹ̀, mo ti pa ojú àgbà dé nígbà tí èémí tán. Mo rò pé ojú mi ti rí gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n rán mi lọ sílé ìyá arúgbó kan lápá gúúsù ìlú yìí. Òyìnbó ni. Jẹjẹrẹ ló ń bá jà, dókítà sì ti ní kò sí oògùn mọ́ àfi oògùn ìrora. Ìyá náà ní ilé òun lòun ti fẹ́ lọ, kì í ṣe ọsibítù, kí òun lè máa wo igi tó wà lójú fèrèsé pálọ̀ òun. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn lára, èyí tí ń ti mọ́fíìnì sábẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, kò la ojú mọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ lọ, torí ẹni méjì ní í yí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ káàárọ̀, mà." Inú mi dùn, mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé rèé. Àṣé ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀kọ́ ilé náà mọ. Bí a ṣe wọlé, ó ti ki nǹkan sétí, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ó ń fi ọwọ́ kan fa aṣọ tó wà lábẹ́ ìyá náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò kí i. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un. Ó yí i bí ẹni yí àpò gàrí. Ó wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá pọ́ńbélé pé, "Èyí ò lè rí ọ̀la. Jẹ́ n ṣe kíá, mo ní ẹlòmíì ní aago mẹ́wàá."

Ọwọ́ ìyá náà wà nínú ọwọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe fún tèmi pinpin.

Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é? Mo bi yín, ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé a kì í ré àgbà kọjá láìkí i, ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é?

Ẹ óò ní kò gbọ́ Yorùbá. Lóòótọ́, kò gbọ́ Yorùbá. Ṣé kò gbọ́ ẹ̀rín ni? Ṣé ẹ̀rín náà ní èdè ni? Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó wà ní wákàtí ìkẹyìn, tí wọn kò lè fèsì mọ́, wọ́n sì rí i pé ọpọlọ àwọn kan nínú wọn ṣì ń dáhùn sí ìró bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìyá tó bí mi kò rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, nígbà tí ìyá tirẹ̀ ń lọ, etí rẹ̀ ló tẹnu bọ̀, ó ń kì í ní oríkì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ta ló sọ fún un pé etí ṣì ń ṣiṣẹ́?

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é báyìí. Ojú iṣẹ́ náà ń tì yín. Ẹ má jiyàn. Mo ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn yín, mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe ń purọ́ fún àwọn ará ilé. "Ọsibítù ni mo wà." "Ìjọba ni mo ń bá ṣiṣẹ́." Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni ọmọkùnrin kan tó ní òun ń bójú tó "ètò ìlera àwọn àgbàlagbà", bẹ́ẹ̀ ni òórùn ọṣẹ tó fi wẹ bàbá kan kò tíì kúrò lára rẹ̀. Nítorí àwọn ará ilé ń yọ ṣùtì, wọ́n ní ìdí òyìnbó lẹ ń nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe báǹkì rí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe tíṣà rí, ó dùn yín wọra. Mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló fipá mú yín? Oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn físà fún òṣìṣẹ́ kẹ́à. Ẹ ta ilẹ̀, ẹ ta mọ́tò, ẹ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ rọ́ wá. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta 2024, wọ́n ní òṣìṣẹ́ kẹ́à tó bá ń bọ̀ kò lè mú ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ lọ́wọ́ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó wà lókè òkun pátápátá. Ẹ̀yin wọlé kó tó tì. Àwọn ẹgbẹ́ yín ṣì ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ fi omijé tọrọ, òun náà lẹ wá ń fi ẹsẹ̀ gbá kiri yìí?

Àwọn baba wa ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èyí kì í tilẹ̀ í ṣe iṣẹ́ ẹrú. Iṣẹ́ ọmọ ni látilẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: iṣẹ́ ọmọ ni. Ìlá ni ìyá ìyá mi ti papòdà lọ́dún 1971, ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Kó tó lọ, àwọn obìnrin ilé ló ń tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú. Lọ́sàn-án, wọ́n á yí i sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bó bá tún yá, sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Wọ́n á fi òrí pa gìgísẹ̀ rẹ̀ àti ìgbáròkó rẹ̀ kó má baà dégbò. Wọ́n á ki òwú bọ omi tútù, wọ́n á fi rin ètè rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń jà sí ẹni tí yóò fọ aṣọ tó tọ̀ sí. Jà ni mo wí! Nítorí ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́ ló máa gba ìre ẹnu rẹ̀, ìre ẹni tó ń lọ kì í sì í ṣubú lulẹ̀. Ta ló tijú nínú wọn? Ta ló purọ́ fún aládùúgbò pé òun ò fọwọ́ kan ìdí ìyá arúgbó? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ta ló wá sọ fún yín pé ọmú yẹn di ẹ̀gbin nígbà tí ẹ wọkọ̀ òfúrufú?

Òwe kan wà tí ẹ fẹ́ràn láti máa pa, mo sì fẹ́ gbà á lẹ́nu yín lónìí. Ẹ ní àrùn la rí wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò lè dá ọlọ́jọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ òwe náà di ìrọ̀rí ọ̀lẹ. Tọlọ́jọ́ pọ̀ tí a rí ṣe! Ẹnu rẹ̀ gbẹ: ẹ rọra fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi díẹ̀ nù ún, ẹ fi nǹkan pa ètè rẹ̀. Ara rẹ̀ wúwo: ẹ fi aṣọ tó ń yọ̀ yí i, ẹ má wọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, torí awọ àgbà bí ewé tákàdá ni. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń tutù, àwọ̀ ara rẹ̀ ń rí kàlákìnní, èémí ń lọ, ó ń dúró, ó tún ń padà, ọ̀fun ń dún hòrò-hòrò: ẹ má sá jáde. Ẹ sọ fún ọmọ rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ó ṣeé ṣe kí ariwo ọ̀fun yẹn máa dun ẹni tó ń gbọ́ ọ ju ẹni tó ń mí i lọ. Ẹ pe nọ́ọ̀sì. Àpótí oògùn tí wọ́n kó sílé de ọjọ́ tí ìrora bá gbóná, nọ́ọ̀sì ló ni í, kì í ṣe tiyín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i pé ojú rẹ̀ ń fún pọ̀.

Ẹ sì máa ka ìwé tó wà nílé aláìsàn! Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí èémí bàbá kan dúró lójú rẹ̀. Ìwé wà nínú fáìlì, dókítà ti buwọ́ lù ú, pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ àyà bàbá náà bí ọjọ́ bá pé. Ọmọkùnrin wa kò ka fáìlì náà rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń wọlé jáde níbẹ̀. Ó pe áńbúláǹsì. Wọ́n bèèrè ìwé, kò mọ ibi tó wà. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, lórí ilẹ̀ pálọ̀, lójú ìyàwó tó ti fẹ́ bàbá náà láti ìgbà èwe. Ikú ìrọ̀rùn tí ọkùnrin náà tọrọ di ìjàkadì. Torí ìwé ojú kan.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, n kò ní bínú sí yín jù níbẹ̀, torí ìfẹ́ ló ń tì yín. Ọmọ Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń fẹ́ràn ènìyàn láìgbé abọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ gbìyànjú, ṣíbí kan péré, kí ẹ lè lágbára." Ṣùgbọ́n ẹni tó ń palẹ̀ ọjà mọ́ kì í ra ọjà mọ́. Ara tó ń lọ kò bèèrè oúnjẹ, bí ẹ bá sì fipá ti ṣíbí náà, ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Ẹ gbé abọ́ sílẹ̀. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn aládùúrà ńkọ́? Háà. Ọmọ Kristi lèmi náà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi. Ṣùgbọ́n kí ló gbé e sí yín lórí pé kí ẹ dúró lórí aláìsàn nínú ilé rẹ̀, kí ẹ máa pariwo pé kò ní kú, pé ẹ ti de ẹ̀mí ikú mọ́lẹ̀? Ta ló bẹ̀ yín? Ẹni tó ti bá ọmọ rẹ̀ dágbére, tó ti pín ìwé àti aago rẹ̀, tó ti gbà pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ wá ń fi ariwo fà á lẹ́sẹ̀ padà! Ẹ kò rí Jékọ́bù nínú Bíbélì tẹ́ ẹ gbé dání ni? Ó súre fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ibi tí wọn yóò sin òun sí, ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ibùsùn, ó lọ. Nínú ọmọ méjìlá, èwo ló de ikú mọ́lẹ̀ níbẹ̀? Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń gba àdúrà tèmi, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ.

Obìnrin kan wà ní ìlú yìí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Cicely Saunders ni orúkọ rẹ̀. Ilé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1918. Oxford ló wà nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ń gbé póò! Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó bọ́ sí iṣẹ́ ìgbáyégbádùn aláìsàn ní ọsibítù. Ibẹ̀ ló ti pàdé David Tasma, Júù ọmọ Pólàǹdì kan tó sá wá sí London, tí jẹjẹrẹ ń pa lọ láìní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Saunders ló ń jókòó tì í. Nígbà tí ọkùnrin náà kú lọ́dún 1948, ó fi 500 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún un, ó ní kí ó fi òun ṣe fèrèsé kan nínú ilé tí yóò kọ́. Saunders padà sílé ẹ̀kọ́ nígbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó di dókítà ní 1957, ó sì ṣí ilé náà, St Christopher's, fún àwọn tó ń kú lọ, ní Sydenham lọ́dún 1967. Kò jìnnà sí Peckham tí ẹ ti ń ra ẹ̀fọ́ àti pọ̀nmọ́. Lọ́dún 1969, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ rán òṣìṣẹ́ lọ bá àwọn tó fẹ́ kú sílé ara wọn. Iṣẹ́ tí ẹ ń tijú rẹ̀, ọ̀kan nínú orísun rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà kọ́ ayé pé ìrora ẹni tó ń lọ kò mọ sí ti ara nìkan, pé ti ọkàn wà níbẹ̀, ti ẹbí wà níbẹ̀, ti ẹ̀mí wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tirẹ̀ pé ní 2005, St Christopher's náà ló kú sí. Ibi tó tẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn ló sùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibùsùn tí ẹ ń tẹ́ yìí, ṣé ẹ lè sùn sórí rẹ̀?

Ọ̀kan tún wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ. Àwọn èèyàn wa tó wá sí London ní nǹkan bí 1960 sí 1979, àwọn tó wá kàwé tí wọn kò padà mọ́, wọ́n ti darúgbó níhìn-ín. Àwọn kan nínú wọn, bí iyè bá ti ń rá, Gẹ̀ẹ́sì ní í kọ́kọ́ lọ, Yorùbá á ṣẹ́ kù. Bàbá kan wà bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ pé, "Omi. Omi, jọ̀ọ́." Ọmọ Yorùbá ló dúró tì í, ọmọ tó mọ omi, tó ń fi omi gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ó sì ń dá bàbá lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì orí imú pé òun ò gbọ́ ohun tó ń wí. Nígbà tí mo bi í, ó ní ẹ́jẹ́ǹsì ti kìlọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí àwọn máa sọ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ń fi Yorùbá pe ikú lé òyìnbó lórí, ọ̀gá kò gbọ́. Èyí tí ì bá fi Yorùbá fún bàbá lómi, ó rántí òfin! Kí ni àwọn tó ti lọ máa wí sí irú èyí? Ẹnu wọn á wúwo ni.

N kò ní pé kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń fún yín láti wẹ ènìyàn, kí ẹ pààrọ̀ pádì, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Àwọn kan kì í san owó àkókò tí ẹ fi ń rìn láti ilé dé ilé. Àwọn kan ń fi ìwé ìgbélùú dẹ́rù bà yín. Ìbáwí tiwọn ń bọ̀, n kò gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀gá ló ki nǹkan sí yín létí? Báwo ni ìkíni ṣe pẹ́ tó? "Ẹ káàárọ̀, èmi rèé, mo fẹ́ yí yín díẹ̀." Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn? Ẹ̀rí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kẹ́à tí ọ̀pọ̀ yín gbà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, iyì àti àṣírí aláìsàn ni ìlànà keje inú rẹ̀. Ẹ yege nínú ìdánwò rẹ̀. A ní kí ẹ wá kín wọn lẹ́yìn, ẹ fi ẹ̀gún sọ́wọ́. A ní kí ẹ wá fẹ́ wọn lójú, ẹ fi ata sẹ́nu.

Mo fẹ́ sọ ti ara mi. Ọdún 2009 ni ìyá mi kú. Ìhín ni mo wà, ìwé mi kò tíì gún, n kò lè rìn. Mo fi owó ránṣẹ́, a pa màlúù, a dá aṣọ, àwọn ènìyàn jó. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìkẹyìn, kì í ṣe èmi ni mo fi òwú rin ètè rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní ìsàlẹ̀ ilé wa ni. Kì í ṣe ẹbí wa. Wọ́n ń fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n ní kì í wọ yàrá kó má kí ìyá mi, kódà nígbà tí ìyá mi kò dáhùn mọ́. Láti ìgbà náà, n kò sùn kí n má dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Ìyá arúgbó tí a lọ yí lóṣù tó kọjá, òun náà ní ọmọ kan ní Australia tí kò tètè rí ọkọ̀ òfúrufú wọ̀. Àdúrà wo ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yẹn gbà lórí wa?

Ìwọ ọmọbìnrin, bí o bá ka èyí, o mọ ara rẹ. Ìyá náà rí ọ̀la. Ó rí ọjọ́ mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí o sọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló lọ, ní ìdájí, mo wà níbẹ̀, aṣọ fèrèsé wà ní ṣíṣí. Nọ́ńbà mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Pè mí, kí n mú ọ dání lọ sílé ẹni tó kàn.